Àjẹsí Tó Kún Mọ́jú

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí adìẹ bá fẹ́ wọ̀, kò sí àgbébọ̀ tí ara rẹ̀ le tí àyà rẹ̀ kì í wú yọ díẹ̀ lápá ọ̀tún. Oúnjẹ òru ló ti jẹ sínú. Ẹni tó bá gbá a mú lásìkò yẹn, tó fọwọ́ kàn án, tó wá fariwo bọnu pé kókó ti yọ sí adìẹ òun lọ́rùn, ó kàn ń dààmú ara rẹ̀ ni. Ìdájí ọjọ́ kejì ni kí ó tún un gbé, kí ó tó da oúnjẹ sílẹ̀. Bí ibi tó wú lálẹ́ bá ti pẹlẹbẹ, tí ọwọ́ kò bá ohunkóhun níbẹ̀ ju awọ àti ìyẹ́ lọ, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí ó bá ṣì kún bó ṣe kún lálẹ́, adìẹ náà ti di ẹni àmójútó.

Àpò yẹn ni àjẹsí. Adìẹ kò ní eyín tí yóò fi rún nǹkan, nítorí náà odindi ló ń gbé ohun tó bá ṣá mì. Àjẹsí ló kọ́kọ́ ń gbà á. Inú rẹ̀ ni oúnjẹ ti ń rin, tó ti ń rọ̀, kí ó tó máa bọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn kékeré tó ń sun omi kíkan, àti láti ibẹ̀ sínú iwe, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ tí adìẹ ti gbé mì yóò ti lọ̀ ọ́ kúnná. Adìẹ inú igbó Éṣíà, tó jẹ́ baba ńlá adìẹ ilé, kì í ráyè jẹun pẹ́ ní gbangba nítorí àṣá àti ẹranko apẹran. Ó ní láti yára kó oúnjẹ sínú, kí ó wá ibi ìsádi lọ dà á. Ìwà yẹn kò tíì kúrò lára adìẹ ẹ̀yìnkùlé títí dòní.

Àjẹsí kì í ṣàdédé kún tí kò ní fà. Bí iwe bá dí, àjẹsí á kún. Bí ìfun bá dí, àjẹsí á kún. Bí iṣan tó ń mú un sún kì bá kú, bákan náà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà àmọ́ òkè ló ń hàn sí, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí oògùn kan ṣoṣo tó lè wo gbogbo rẹ̀, ohun yòówù kí ará àdúgbò wí.

Ọwọ́ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìdájí ló dára jù, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí adìẹ ṣì wà lórí igi tó wọ̀ sí, torí kò ní sá, ara rẹ̀ á sì balẹ̀. Kí wọ́n gbé e há abẹ́ apá òsì, kí orí rẹ̀ kọjú síwájú, kí apá náà sì ká ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ìka ọwọ́ ọ̀tún ni yóò rọra sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀fun títí dé ibi tí egungun àyà ti bẹ̀rẹ̀. Kò gba agbára rárá, fífọwọ́ bà lásán ni. Àjẹsí tó ṣófo kì í ṣeé dì mú. Èyí tí oúnjẹ díẹ̀ ṣẹ́ kù sínú rẹ̀ máa ń rọ̀, ìka á sì máa mọ hóró àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awọ. Èyí tó dí máa ń le gírígírí. Nígbà mìíràn ó máa ń ki, tó fi jẹ́ pé bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, ojú ìka á hàn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kún padà. Èyí tó kan máa ń rọ̀ jù, omi àti afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ nínú rẹ̀, a sì máa dún lábẹ́ ọwọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n la ẹnu rẹ̀, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹnu adìẹ tí ara rẹ̀ dá kì í rùn. Bí òórùn bí ti omidùn tí wọ́n gbàgbé fún ọ̀sẹ̀ méjì bá jáde níbẹ̀, àjẹsí ti kan. Kí ọwọ́ má sì kúrò lára rẹ̀ kí ó tó kan egungun àyà: bí egungun náà bá mú, tí ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti gbẹ, àìsàn náà ti pẹ́ ju bí aládìẹ ṣe rò lọ. Ìyẹ́ ló ń bo rírù adìẹ mọ́lẹ̀, ojú lásán kì í rí i.

Àárọ̀ kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́. Bí iná bá ń tàn nínú ilé adìẹ, tàbí tí ọpọ́n oúnjẹ bá wà lọ́dọ̀ wọn mọ́jú, adìẹ lè jí jẹun lóru. Nítorí náà, adìẹ tí wọ́n bá fura sí ni kí wọ́n yọ sọ́tọ̀ nírọ̀lẹ́, kí wọ́n kó o sínú àgò, kí wọ́n gbé omi mímọ́ sí i, láìsí oúnjẹ. Páálí ni kí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí èérún pákó, ebi lè mú kí ó ṣá ìyẹn náà jẹ, kí ọ̀rọ̀ wá di méjì. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí àjẹsí ti fà, kí wọ́n dá a padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá fà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àǹfààní mìíràn tó wà nínú àgò ni pé ìgbẹ́ rẹ̀ á dá wà. Adìẹ tí nǹkan kò kọjá lára rẹ̀ mọ́ kì í yàgbẹ́ púpọ̀, ìwọ̀nba tó bá sì yà máa ń ṣe omi, a tún máa ní àwọ̀ ewé.

Koríko gígùn ni ìwé àwọn òyìnbó sábà máa ń dá lẹ́bi pé ó ń dí àjẹsí, òótọ́ sì ni. Adìẹ tó ń já koríko lórí ìdúró kò fi bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu, torí gbòǹgbò di koríko náà mú, ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ló ń rí já. Koríko tí wọ́n gé tí wọ́n sì kó dà sílẹ̀ fún un ló burú. Kò sí ohun tó dì í mú, adìẹ á gbé okùn rẹ̀ mì látòkè délẹ̀, yóò sì lọ́ mọ́ra wọn nínú àjẹsí. Àmọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, koríko nìkan kọ́. Ọ̀rá omi inú ọ̀rá tí wọ́n fi eyín já sílẹ̀ wà níbẹ̀. Òwú tí wọ́n tú lára àpò ìrẹsì wà níbẹ̀. Bí télọ̀ tàbí onídìrí bá wà nítòsí, òwú àti irun àfidì á máa fẹ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń jọ ekòló lójú adìẹ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di ẹ̀fọ́ tún wà níbẹ̀.

Ohun jíjẹ pàápàá lè dí i. Gàrí tó dára máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta bí omi bá kàn án. Adìẹ tí ebi ti pa, tó bá gàrí gbígbẹ nílẹ̀, tó jẹ ẹ́ yó, tó wá lọ mumi, inú ara rẹ̀ ni gàrí náà yóò ti wú. Àgbàdo odindi kò ní wàhálà fún adìẹ tó ní òkúta nínú iwe, ṣùgbọ́n fún adìẹ tí wọ́n há mọ́ orí sìmẹ́ǹtì láti kékeré tí kò mọ òkúta rí, ẹrù ni. Irú adìẹ tí wọ́n ń pè ní Noiler, tí iléeṣẹ́ Amo ń ṣe ní Awẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́, àti FUNAAB Alpha tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta ṣe, ti wọ ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé báyìí. Àwọn méjèèjì máa ń jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fún wọn, wọ́n sì ń ṣá ilẹ̀ jẹ bí adìẹ ìbílẹ̀, nítorí náà kò sí ìdọ̀tí tí kò kàn wọ́n.

Omi kì í sábà wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun ló ń mú oúnjẹ sún. Àgbébọ̀ tó ń yé máa ń jẹ oúnjẹ tó nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́, omi tó ń mu sì sábà máa ń tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n yẹn, a tún máa jù bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Bí ọpọ́n omi bá gbẹ láti àárọ̀ títí ọ̀sán, oúnjẹ á gbẹ mọ́ inú àjẹsí.

Nígbà tó bá dájú pé àjẹsí ti dí, ohun àkọ́kọ́ ni láti dáwọ́ oúnjẹ dúró fún wákàtí 24, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi sì máa wà níwájú rẹ̀. Ohun kejì ni láti fi ọwọ́ ra á. Kí wọ́n fún un ní omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ná. Síríǹjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n máa kán an sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu adìẹ, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó máa gbé e mì fúnra rẹ̀. Ihò tí adìẹ fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀ gan-an, èèyàn á rí i tó ń ṣí tó ń pa dé bí ẹnu bá là. Omi tí wọ́n bá tì sí i lọ́nà ọ̀fun lójijì, ẹ̀dọ̀fóró ló máa bá lọ. Lẹ́yìn omi, kí wọ́n fi ìka rọra máa fún àjẹsí náà láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, kí ohun tó dì papọ̀ lè máa tú. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́. Bí adìẹ bá ń na ọrùn tó ń mí lókè lókè, kí wọ́n gbé e sílẹ̀ kí ó sinmi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé epo pupa tàbí òróró ló ń mú un yọ̀. Ẹ̀kán díẹ̀ kò burú, àmọ́ omi àti ọwọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Epo ṣíbí kan tí wọ́n dà sí adìẹ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà lè gba ihò èémí wọlé, adìẹ tí àjẹsí kò tíì pa sì lè kú ikú ẹ̀dọ̀fóró lọ́jọ́ kẹta.

Bí ó bá ń rọ̀ tó sì ń dínkù, oúnjẹ rírọ̀ díẹ̀ ló kàn: oúnjẹ adìẹ tí wọ́n fi omi pò kí ó ṣàn, tàbí ẹyin sísè tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́. Ṣíbí kan tàbí méjì, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́, kí wọ́n sì yẹ àjẹsí wò kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ìrẹsì àjẹkù, kò sí àgbàdo odindi títí àárọ̀ mẹ́ta léraléra yóò fi bá àjẹsí náà nílẹ̀ ní pẹlẹbẹ. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí ó ṣì le bákan náà, kò tún sí ohun tí ọwọ́ yóò ṣe sí i mọ́. Dókítà ẹran ló kù.

Àjẹsí kíkan yàtọ̀ sí èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídí ló máa ń bí i nígbà mìíràn, torí oúnjẹ tó dúró sójú kan nínú ooru ara adìẹ, tó ń lọ bíi ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò ní ṣàìkan. Irú ìwúkàrà kan tí wọ́n ń pè ní Candida albicans ni ọ̀daràn ibẹ̀. Ó máa ń gbé inú ara adìẹ tó dá ṣáṣá láìṣe nǹkan kan, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó dára kò fún un láyè. Ìgbà tí àwọn yẹn bá kú ló ń gbilẹ̀. Ohun tó sì ń pa wọ́n jù lọ́dọ̀ àwọn aládìẹ ni oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ "kí àìsàn má baà wọlé". Kò sí àìsàn, oògùn ń lọ. Nígbà tó bá pẹ́, àjẹsí á kan, aládìẹ á tún fi ìwọ̀n oògùn kan náà kún un, ìwúkàrà náà á sì máa gbilẹ̀ lọ. Oògùn apakòkòrò kì í pa Candida. Kí wọ́n fi èyí sí etí ẹni tó ń ta oògùn adìẹ pẹ̀lú.

Oúnjẹ tó bu ni ọ̀nà kejì. Èèrí ògì dára fún adìẹ bí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ tí wọ́n sẹ́ ẹ. Èyí tó sùn mọ́jú méjì nínú ike tí wọ́n dé pa, tí òkè rẹ̀ ti ń funfun lẹ́búlẹ́bú, orí ààtàn ló yẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ adìẹ tí òjò kàn nínú àpò, tó dì ní kókó. Ọpọ́n omi tí ìdí rẹ̀ ń yọ̀ wà lára ẹ̀bi ọ̀hún.

Fún àjẹsí tó kan, kí wọ́n dáwọ́ oúnjẹ dúró fún wákàtí 12 sí 24, kí omi wà, kí gbogbo ohun dídùn àti ohun oníyẹ̀fun kúrò níwájú rẹ̀: ṣúgà ni ìwúkàrà ń jẹ. Ògì àti ẹ̀kọ tí àwọn àgbà fi ń tọ́jú aláìsàn kò bá èyí mu rárá. Ọtí kíkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń dà sómi adìẹ kò ní wò ó. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ ni nystatin, èyí tí obìnrin onímọ̀ méjì, Elizabeth Lee Hazen àti Rachel Fuller Brown, gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950, tí wọ́n ṣì ń kán sẹ́nu ọmọ ọwọ́ tí ẹnu rẹ̀ bá funfun. Kò ní wọnú ẹ̀jẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fara kan ìwúkàrà náà ní tààrà kí ó tó pa á, nítorí náà inú àjẹsí tí ó ti fà ló ti wúlò. Bí wọ́n bá dà á lé orí omi kíkan tó kún dẹ́nu, owó ṣòfò. Dókítà ẹran ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀.

Àwọn kan ń lo bulú tí àgbẹ̀ kòkó fi ń fín oko. Ìwé ìtọ́jú adìẹ àtijọ́ mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ìdajì gíráàmù sínú lítà omi kan. Ìwọ̀n ìdajì gíráàmù kò ṣeé fojú díwọ̀n, bó bá sì jù díẹ̀, májèlé ni. Ilé tí kò bá ní òṣùwọ̀n tó ń wọn oògùn, kí ó fi bulú sílẹ̀ fún kòkó.

Ohun kan wà tó ń pa adìẹ ju àjẹsí fúnra rẹ̀ lọ: dídorí rẹ̀ kodò. Aládìẹ á di ẹsẹ̀ adìẹ mú, á da orí rẹ̀ délẹ̀, á fún àjẹsí, omi kíkan á sì máa tú jáde. Inú èèyàn á dùn pé nǹkan ń jáde. Àmọ́ adìẹ kò ní ohun tó ń dé ihò èémí rẹ̀ bíi ti èèyàn, kò sì lè wúkọ́ dáadáa. Bí omi náà ṣe ń gba ẹnu kọjá ló ń já sí ihò ìdí ahọ́n yẹn. Àwọn kan nínú wọn á kú lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú wọn, kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àwọn mìíràn á máa mí hẹlẹhẹlẹ fún ọjọ́ méjì, wọn á sì lọ. Dókítà ẹran ní rọ́bà tí wọ́n ń gbà ọ̀fun tì sínú àjẹsí láti fa omi náà, ó sì mọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun tí rọ́bà ń gbà. Bí kò bá sí dókítà nítòsí, ó sàn kí adìẹ wà lóòró, kí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ara rẹ̀ máa fa omi náà lọ fúnra rẹ̀.

Ti àjẹsí tó so rọ̀ kò gùn. Ẹran ara rẹ̀ ti fẹ̀ jù, kò lè sún kì mọ́, ó ń fì níwájú adìẹ bó bá ń rìn. Ara tòlótòló ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń wà nínú ìran, nítorí náà kí wọ́n má fi irú adìẹ bẹ́ẹ̀ pa ọmọ. Kò ṣeé wò tán. Oúnjẹ kúnná, díẹ̀díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, lè mú un pẹ́ díẹ̀ sí i. Lójú ẹni tó ń kọ èyí, pípa ló yẹ kí wọ́n pa á nígbà tó ṣì sanra.

Ó kù àwọn àìsàn tó ń fara hàn bí ti àjẹsí. Bí adìẹ kan bá ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ àjẹsí lè jẹ́. Bí adìẹ mẹ́ta bá ń rọ orí kalẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, kì í ṣe àjẹsí. Lùkúlùkú máa ń mú kí omi kún inú àjẹsí, tí yóò máa kán lẹ́nu adìẹ bí wọ́n bá gbé e. Kí wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀, bó bá ń ṣe bí ewé. Kí wọ́n wo ọrùn, bó bá ń lọ́. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń jà jù. Kò ní oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà fún un: Iléeṣẹ́ Ìwádìí Àìsàn Ẹran ní Vom, nípìnlẹ̀ Plateau, tó ti wà láti 1924, ń ṣe Lasota àti Komarov, ó sì ń ṣe I-2 tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí wọ́n ń kán sójú adìẹ ẹ̀yìnkùlé. Bí ikú náà bá sì wá lójijì, tí ogbe ń dúdú tí orí ń wú, kí ẹnikẹ́ni má bó o, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Kí wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìtọ́jú ẹran ìjọba. Fúlúù ẹyẹ lè jẹ́ nìyẹn, Nàìjíríà sì ni irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní H5N1 ti kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2006.

Àrùn Marek ni èkejì. József Marek, dókítà ẹran ará Họ́ńgárì, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1907. Iṣan ló ń bá jà. Bí ó bá mú iṣan tó ń darí àjẹsí, àjẹsí á fẹ̀, á dúró kúgú, kò sí ọwọ́ tó lè ra á kó sún. Adìẹ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ló sábà ń mú, ó sì lè na ẹsẹ̀ kan síwájú kí ó na èkejì sẹ́yìn nílẹ̀. Ọjọ́ tí òròmọdìẹ bá pa ni wọ́n ń gún un ní àjẹsára rẹ̀, nílé ìpamọ kí ó tó dé ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí ó bèèrè.

Aràn náà wà. Èyí tó tín-ín-rín bí irun, Capillaria, máa ń gbé inú awọ àjẹsí, ekòló sì lè gbé irú kan nínú rẹ̀ wọnú adìẹ. Piperazine tí gbogbo ọjà ń tà kì í pa á. Aràn ńlá inú ìfun ni ìyẹn mọ̀. Fenbendazole ló ń mú Capillaria, dókítà ni yóò sì sọ iye ọjọ́ tí wọn kò ní jẹ ẹyin lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ wà fún àjẹsí tí ọ̀rá tàbí òwú bá dí. Kò sí ọwọ́ tó lè tú ọ̀rá. Dókítà á kun adìẹ lóorun, á la awọ, á la àjẹsí, á yẹra fún iṣan ẹ̀jẹ̀, á kó ohun inú rẹ̀, á fọ̀ ọ́, á wá rán àjẹsí lọ́tọ̀, kí ó tó rán awọ lọ́tọ̀. Ibi tí àwọn tó ń fi abẹ ìfárí àti òwú ìránṣọ ṣe é nílé ti ń kùnà gan-an nìyẹn: wọ́n máa ń rán méjèèjì pọ̀, oúnjẹ á sì máa jò sábẹ́ awọ. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ adìẹ náà, láìsí oògùn akunnilóorun, kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìbàdàn àti ti FUNAAB ní Abẹ́òkúta gba adìẹ bí wọ́n ti ń gba ajá, ilé ìwòsàn ẹran ìjọba sì wà ní Mọ́kọ́lá fún ará Ìbàdàn.

Owó iṣẹ́ abẹ lè ju owó adìẹ lọ, kò sì sí ìtìjú nínú kí aládìẹ ṣírò rẹ̀. Adìẹ tí àjẹsí rẹ̀ dí lásán, tí kò rù, tí kò gba oògùn kankan, tí àwọn yòókù sì ń ta kébékébé, ṣeé pa jẹ, kí wọ́n sá fi àjẹsí àti ohun inú rẹ̀ sọnù. Èyí tó ti gba oògùn, kí ó pé iye ọjọ́ tí dókítà sọ. Gbígbé e lọ sọ́jà fún ẹlòmíràn láìsọ ohun tó ń ṣe é, olè jíjà ni.

Iṣẹ́ ìdènà kò gba owó púpọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tó tó mìlímítà 2 sí 4, tí wọ́n sẹ́ nínú yanrìn odò tàbí yangí fífọ́, nínú agolo kan tí òjò kò ní pa, kí adìẹ máa mú un bó ṣe wù ú. Ìkarahun ìgbín lílọ̀ kò lè dípò rẹ̀: ó ń yọ́ nínú ikùn, èèpo ẹyin ló wúlò fún. Bí wọ́n bá fẹ́ fún wọn ní ẹ̀fọ́ tàbí koríko, kí wọ́n so ó mọ́ igi kí adìẹ máa já a, tàbí kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́. Kí wọ́n rin gàrí kí wọ́n tó dà á sílẹ̀. Ọmọdé ilé lè máa ṣa ọ̀rá àti òwú kí wọ́n tó ṣí adìẹ jáde láàárọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Kí ọpọ́n omi jẹ́ méjì, ọ̀kan lábẹ́ ibòji, kí wọ́n fi kànìnkànìn fọ̀ wọ́n lójoojúmọ́.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń pa adìẹ ọdún tàbí ti àlejò, kí wọ́n má kàn ju àjẹsí rẹ̀ sí ajá. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ là á sórí ewé, kí wọ́n fi igi tú ohun inú rẹ̀ ká. Ohun tó wà níbẹ̀ ni àwọn tó ṣẹ́ kù náà ń jẹ: bí ọ̀rá bá wà níbẹ̀, ọ̀rá wà nílẹ̀ ọgbà. Kí wọ́n wá fi omi ṣan awọ inú rẹ̀, kí wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Awọ tó dára máa ń pọ́n díẹ̀, a sì máa dán. Bí nǹkan funfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, tí kò ṣàn lọ, tó sì ṣeé fi èékánná họ, ìwúkàrà ti wà nínú agbo. Kí wọ́n da oúnjẹ inú àpò nù, kí wọ́n bó ọpọ́n omi, kí wọ́n sì gbé adìẹ tó ṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìdájí ọjọ́ kejì.